Àkùkọ Aláṣọ Pupa

Ẹ gbà mí o, àkùkọ aládùúgbò la pa jẹ fún Kérésì!

Ìyá kan lẹ́yìn àdúgbò Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí èmi àti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù bá òun mú àkùkọ òun, ká sì pa á. Àwa míṣọ́nnárì Mọ́mọ́nì kì í kọ iṣẹ́. Tàwa ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì la fi lé e yí ilé po. A pa á, a sì ń tu ìyẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá ilé kejì yọjú. Oṣù mẹ́ta la ti ń kan ilẹ̀kùn bàbá yìí, kò dá wa lóhùn rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò rí àkùkọ mi? Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ àkùkọ. Aṣọ pupa.

Ìyá kígbe: "Yéè! Aṣọ funfun ni mo so mọ́ tèmi!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìyẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá ní kí n dìde. "Tó bá jinná, ẹ gbé e wá sílé mi, ká jọ jẹ ẹ́. Ẹ wá wàásù yín náà. Ṣùgbọ́n orí 'Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè' ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, báwo lèèyàn ṣe ń wàásù ìyẹn pẹ̀lú itan àkùkọ olóhun lẹ́nu?