Omi Gbígbóná Lórí Píónì

Ìjà ni mo fi mọ òdòdó píónì. Mo gbá obìnrin tó tó ìyá mi létí nítorí rẹ̀, ní gbangba, ní àdúgbò wa ní Ellenwood, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n ó tún gbá a.

Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni obìnrin náà, ilé wa fẹ̀gbẹ́ kanra. Àǹtí ni mo ń pè é. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló gbin píónì yẹn fún un, sí ààlà wa, lábẹ́ fèrèsé yàrá mi. Píónì kì í kánjú. Ó lè lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀ kó tó tanná. Kí tiwọn tó tanná, wọ́n ti yìnbọn pa ọmọ náà nílé epo kan ní Morrow. Nígbà tó wá yọ ìrudi fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ti wà nínú oyún. Àǹtí á fà mí lọ́wọ́ jáde pé kí n wá wò ó. Ó ní bó bá di Ọjọ́ Àwọn Ìyá, òun ó gbé èyí tó bá kọ́kọ́ là lọ sí ibojì ọmọ òun. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Kò tún sí ohun mìíràn tó ń retí láyé.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn láti wá tọ́jú ìyá ìkókó, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Ní àràárọ̀, omi á hó yaya lórí gáàsì, wọ́n á ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi tẹ̀ mí lára títí n ó fi ké.

"Màmá, ẹ rọra o! Ṣé ẹ fẹ́ bó mi láwọ̀ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ṣé èmi ni mo fún ẹ lóyún?"

Ìrudi píónì máa ń sun oje dídùn, èèrà a sì máa bò ó. Wọn kì í ba nǹkan kan jẹ́, oje ni wọ́n kàn ń lá. Ta ló sọ fún Màmá? Ní àárọ̀ Sátidé, tí Ọjọ́ Àwọn Ìyá ku ọ̀la, wọ́n rí èèrà tó tò láti orí òdòdó dé ojú fèrèsé tí ọmọ sùn sí. Ìwọ́ ọmọ kò tíì já. "Èèrà kẹ̀! Kí wọ́n wá jẹ ọmọ mi níwọ̀ọ́? Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀!" Wọ́n gbé ìkòkò omi ìwẹ̀ mi, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ lé píónì lórí.

Igbe Àǹtí ni mo gbọ́. Kí n tó dé ìta, ó ti ti Màmá lulẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì sókè. Àgbàlagbà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìró ti tú! Ojú mi ṣú. Mo fọ́ ọ létí, gbòlàà! Ó ju ṣọ́bìrì nù, ó fa irun mi, mo bù ú lọ́wọ́ jẹ, a jọ ṣubú lu òdòdó tí omi gbígbóná ti sè. "Ẹ ti pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì!" ló ń pariwo. Màmá dìde, wọ́n ń fi bàtà lù ú lẹ́yìn: "Wèrè! Orí ẹ ò pé!" Ìgbà tí Àǹtí rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ mi ló tó dúró. Ojú iṣẹ́ abẹ mi ti ya.

Òun náà ló wà wá lọ sí ER, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, Màmá àti ọmọ wà lẹ́yìn. Èpè Gẹ̀ẹ́sì níwájú, èpè Ìbàdàn lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó dákẹ́ títí a fi débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ òfìfo ló gbé lọ sí ibojì ọmọ rẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ka nípa òdòdó náà lórí fóònù. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní ọba òdòdó. Àmì ọlá àti ọrọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe oògùn. Àwọn ará àtijọ́ kan ní ẹni tó bá hú u lójú ọ̀sán, ẹyẹ àkókó á yọ ọ́ lójú. Níbòmíràn, ìbínú ló dúró fún. Ìbínú kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ibi tí wọ́n rán fi dùn mí. Wọ́n tún ní ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi.

Gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, Àǹtí fi àáké là á sí méjì, ó ju ìdajì sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Gbìn ín. Bí ìyá yẹn bá tún pa ọ̀kan, èkejì á kù."

Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi wọ́ erùpẹ̀ bò ó. Tirẹ̀, ó ri ín jìn, kí omi gbígbóná má baà débẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ píónì kì í tanná bí wọ́n bá ri ín jìn. Ọdún ń yí lu ọdún, ewé nìkan ló ń rí. A ò sì kí ara wa.

Lọ́dún yìí, tèmi tanná. Ọ̀kan ṣoṣo, pupa, ó kún ọwọ́ mi méjèèjì, èèrà bò ó. Màmá rí i lórí fídíò láti Ìbàdàn.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èèrà yẹn o! Gé e fún ìyá ọmọ tó gbìn ín."

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àwọn Ìyá, mo gé e, mo lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí. Ó wo òdòdó, ó wò mí. Ó fi ọwọ́ kan gbà á, ó fi èkejì fọ́ mi létí, iná ṣẹ́ lójú mi.

"Ti ọjọ́ yẹn nìyẹn," ó wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Wọ ọkọ̀. Ìwọ lo máa gbé e lé ibojì rẹ̀ lórí."

Mo wọ ọkọ̀. Èèrà kan ń rìn lọ lápá rẹ̀ bó ti ń wakọ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n dànù.