Ọ̀gà Lórí Ọwọ́ Òsì Bàbá

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá jókòó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti oko. Odidi oko kòkó Bàbá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń ká a, òun ló ń tà á, síbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà, ẹnu ọ̀nà ló jù ú sí. Ó ní òun ń kánjú. Irọ́ ni. Òórùn ìtọ̀ ló ń sá fún, bí ẹni pé èmi kò ní imú.

Orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọ̀gà wà, alágẹmọ tó bá a wá láti oko. Mo ti mú ìgbálẹ̀ láti gbá a síta kí n tó rí i pé Bàbá ń ju ọwọ́ ọ̀tún sí mi láti orí àga tí mo gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Fi í lẹ̀,” ó ní.

Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo Òkè-Ìmẹ̀sí ló mọ ohùn rẹ̀ nígbà kan. Ohùn náà ti wá di ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi náà ń ṣe ní Arámọkọ, mo sì fi í sílẹ̀ láti wá tọ́jú rẹ̀, torí pé èmi ni mi ò lọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pín in: ẹ̀gbọ́n mi gba oko, àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó gba àdúrà orí fóònù, èmi gba ìgbẹ́ àti ìtọ̀.

Mo gé ẹ̀ka gúáfà, mo rì í mọ́ inú korobá tí mo bu yanrìn sí, mo gbé e sẹ́nu fèrèsé fún ọ̀gà. Mo bu omi sínú àwo, kò wò ó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń hunjọ. Bàbá ló ní, “Orí ewé.” Àṣé ìrì ló ń lá, kì í mumi nínú àwo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ wọ́n omi sára ewé láràárọ̀, tí ọ̀gà á sì máa lá a pẹ̀lú sùúrù tó ń bí mi nínú. Eṣinṣin inú ilé ò tó o, ni mo bá ń mú tata lẹ́yìnkùlé sínú ìgò. Bí ahọ́n gígùn yẹn bá ti ta jáde tó gbé tata, Bàbá á rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú.

Ìyá kan nínú ìjọ wa tó máa ń wá kí i rí ọ̀gà, ó ní ẹran awo ni, ó fi orúkọ Jésù kọ̀ ọ́, kò sì padà wá mọ́. Kò dùn mí. Kò mú nǹkan kan wá rí, àfi ìròyìn àìsàn àwọn ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gà sọ̀ kalẹ̀ látorí ẹ̀ka, ó gun ọwọ́ òsì Bàbá tí mo gbé lé fèrèsé. Ọwọ́ tó kú nìyẹn. Mo ti fi òrí pa á, mo ti fi omi gbígbóná jó o, mo ti já a léèékánná lọ́jọ́ tí inú bí mi, kò mọ nǹkan kan.

“Ó ń mú mi,” Bàbá ní.

Mo rò pé ó ń tàn mí ni. Mo tú gèlè mi, mo fi bò ó lójú, mo sì gbé ọ̀gà padà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

“Ó ti dé ọrùn ọwọ́,” ó ní. Òótọ́ ni. “Ó dúró.” Ó dúró lóòótọ́.

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, a ń ṣe é láràárọ̀, ibi tó ń mọ̀ sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti ní ká má retí ọwọ́ yẹn mọ́. Mo retí i.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láti sọ fún un. Kàkà kó yọ̀, ó ní, “Ọ̀gà? Nínú ulé Bàbá?” Mo ní kó máa bá mi mú tata bọ̀ láti oko, torí pé ti ẹ̀yìnkùlé ti ń tán. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gà. Mo fún un lésì, mi ò dá ọ̀kankan sí: mo ní ó mọ owó kòkó Bàbá í ná, kò mọ ara Bàbá í fọwọ́ kàn. Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.” Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ parí, mi ò sì bi í pé ta ló ń bá wí nínú wa.

Nígbà tí tata tán pátápátá, mo gbé ìgò mi, mo gun ọ̀kadà lọ sóko fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí máṣíìnì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko. Ó wo ìgò ọwọ́ mi, ó wò mí, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà kọjá. Ọ̀fìnkìn dí mi nímú, mi ò gbóòórùn kankan. Tata ọjọ́ náà ò sì sá. Orí ewé ni wọ́n wà tí mò ń ṣà wọ́n bí ẹní ṣa ẹ̀wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ó ti ráyè gbọ́ tèmi náà.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gà ti já bọ́ sínú korobá, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Àwọn tata tó kù nínú ìgò ti kú pẹ̀lú. Mo ṣí ìgò náà, mo gbé e súnmọ́ imú dáadáa. Oògùn kòkó ni.

Bàbá ò tíì jí. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀, ó ń jẹ iyán.

“Ìgbà wo lẹ fọ́n oògùn sí kòkó?”

“Ó ku ọ̀la kó o wá.”

“Ẹ sì rí ìgò lọ́wọ́ mi.”

“Mo rí i.” Ó bu òkèlè. “Ṣebí ùwọ lo ní ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ká má bàá ara wa fọhùn.”

Mo dúró títí ó fi jẹun tán. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí mo padà délé, Bàbá ti jí. Mo gbé e sórí àga, mo ní ọ̀gà wà lẹ́yìn ewé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì lé fèrèsé, ó di ojú, ó ń dúró kí n fi gèlè bò ó. Mo bò ó. Mo wá fi èékánná ìka mi méjì rìn lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gà ṣe máa ń rìn, títí mo fi dé ọrùn ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá ń retí.

“Ṣé o ò tíì gbé e lé mi lọ́wọ́ ni?” ó ní.