Wàláà Tí A Kò Fọ̀

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí kọ́ọ̀kì ìgò ń dún nínú agolo, bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní Agége, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìkẹjà tí wọ́n ti ń rọ mínírà sínú ìgò. Kọ́ọ̀kì tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ wọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ọ̀gá wa sì fún mi láyè kí n máa ṣà á lọ sílé. Mo fi òòlù lu etí wọn kí wọ́n má baà gé ọmọ lọ́wọ́, mo fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà sí wọn láti A dé Z, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n sínú agolo mílíìkì. Ọmọ mi obìnrin kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ tíṣà, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níwèé bí èmi. Bí mo bá po ìyẹ̀fun ṣin-ṣin, mo máa ń fún ọmọ ní díẹ̀ kó fi mọ S, kó fi mọ O, a ó dín in, a ó sì jẹ ẹ́. Mo máa ń da gàrí sínú tírè kó fi ìka kọ lẹ́tà sí i, ká tó fi gàrí náà tẹ ẹ̀bà. Mo máa ń fi kọ́ọ̀kì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tó bá rí, tó sì pè bó ṣe yẹ, ó di tirẹ̀ nìyẹn.

Bàbá ọkọ mi wá bá wa gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ìyá ọkọ mi kú. Áfà ni wọ́n, kéú ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ, wọn kò wọ ilé-ìwé rí. Àwọn ló ń ṣọ́ ọmọ bí mo bá lọ síṣẹ́ àárọ̀. Wọ́n gbé wàláà wọn dání wá, pátákó ìkọ̀wé tí etí rẹ̀ ti dán, wọ́n fi ti ògiri. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan pé ohun tí wọ́n bá kọ sí wàláà ọmọ kéú, ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí yóò fi kà á fún áfà rẹ̀, tí áfà á sì gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n. Mo ní ó dáa, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń bá àwọn méjèèjì lórí ẹní, kọ́ọ̀kì á kún iwájú wọn. Ọmọ á gbé ọ̀kan sókè, á ní kí Bàbá pè é. Bí Bàbá bá ṣì í pè, á na ìka sí wọn, á ní wọn kò gbọ́ràn. "Áfà mi" ni Bàbá ń pè é, wọ́n á ní kí áfà àwọn má bínú. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré lásán ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ òwe náà lórí, àmọ́ lójú mi, èmi nìkan ni tíṣà nínú ilé yẹn.

Ilé-ìwé kan wà ní Ọgbà tí ọkàn mi fà sí. Wọ́n máa ń dán ọmọ wò kí wọ́n tó gbà á, àyè tó sì ṣẹ́kù kò ju méjì lọ. Mo ti ra bàtà dúdú, mo ti fọ́nnu fún gbogbo ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò náà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, a wọ kẹ̀kẹ́. Tíṣà da lẹ́tà onípákó sórí tábìlì, ó ní kí ọmọ tò wọ́n. Ọmọ mú A, ó gbé e sí etí tábìlì lápá ọ̀tún. Ó mú B, ó fi tì í lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ń tò ó lọ sápá òsì títí tó fi dé Z, kò fo ọ̀kan. Bí kéú ṣe ń lọ nìyẹn, láti ọ̀tún sí òsì. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ náà kò tíì tó, ká mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, ọmọ bi mí bóyá òun ṣe dáadáa. Mo kọjú sí títì, ìyẹn náà sì ń dùn mí títí di òní.

Bàbá ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti bu omi tútù sílẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ áfà wọn bóyá wọ́n ti gbà á. N kò jẹ́ kí ọmọ dáhùn.

"Bàbá, ọmọ mi kì í ṣe ọmọ kéú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kọ́ ọ ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ mi jáde láti inú yàrá, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bàbá kò gbóhùn sókè.

"Ìyàwó, má bínú. Èmi kọ́ ni mò ń kọ́ ọ, òun ló ń kọ́ mi. Bí mo ṣe ń tò ó ló ń wò. N ò mọ̀ pé ibòmíràn ni tiyín ń gbà."

Wọ́n ṣa àwọn kọ́ọ̀kì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo, wọ́n dé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá gbé agolo lọ bá wọn, wọ́n á ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi yí bí ọmọ ṣe ń tò ó padà. Ọjọ́ méjì! Wọ́n sì gbà á sí ilé-ìwé náà lọ́dún kejì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, àmọ́ lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, wọ́n ní ilé ń wu àwọn, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò padà wá mọ́.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Nígbà tá a ṣe fìdáù wọn tán, àbúrò ọkọ mi obìnrin gbé wàláà jáde láti yàrá wọn. Tàdáwà, yíǹkì àwọn áfà, ni wọ́n fi kọ A dé Z sí i, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ti gbọ̀n, àmọ́ kò fo ọ̀kan. Àbúrò ọkọ mi ní ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀; bí òun bá fẹ́ fọ̀ ọ́, Bàbá á ní kí òun fi í sílẹ̀, pé àwọn kò tíì kà á fún áfà àwọn. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí áfà tó kọ́ wọn ní kéú ti kú kí wọ́n tó bí òun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Wàláà náà wà ní pálọ̀ wa báyìí. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí ìdí tá a kò fi fọ̀ ọ́ rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà pamọ́. Ó gbé wàláà lé itan, ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé Z.

"Màmi, èmi ni áfà wọn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n kà á fún mi."

Ó gbé e padà síbi tó wà, ó lọ ká aṣọ lẹ́yìn ilé. A kò tíì fọ̀ ọ́.