Ṣòkòtò Tóóró Tó Wọ Inú Ẹ̀wù Ìrìbọmi Mi

Ká má purọ́, lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò sí ọmọṣẹ́ télọ̀ kan ní gbogbo Fìdítì tó lè gé ṣòkòtò tóóró bíi tèmi. Ọ̀gá mi pàápàá mọ̀. Bí mo bá fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò tán, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fi bébà wé gìgísẹ̀ kó tó lè kọjá. Mo ti fi ilé ìwé Mọ́dà sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, torí ìjókòó pípẹ́ ń yún mi lára. Ìwé mọ̀ mí, èmi náà mọ̀ ọ́n, a kí ara wa, ó tán.

Nígbà náà, ọmọkùnrin tí kò bá ní bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti awò dúdú, wọn ò kà á kún. Ẹni tó bá gbé rédíò kékeré lé èjìká gba ọjà ọsàn kọjá, àwọn ọmọge á gbàgbé ọsàn tí wọ́n ń bó. Ó wù mí. Gbogbo ẹ̀ ló wù mí.

Àmọ́ mo wà ní kíláàsì ìrìbọmi. Ọdún kejì mi nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, pásítọ̀ ní ọkàn mi ò tíì balẹ̀, kí n lọ tún un rò. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n lé ọmọ ẹ̀ nílùú. Torí náà, nígbà tí ọdún kejì pé, ó ra aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mùsùlùmí ni, ó gbé e fún mi.

"Ìwọ ni télọ̀," ó wí. "Fọwọ́ ara ẹ rán ẹ̀wù tí o máa fi wọ omi. Jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, ọkọ mi. Kójú má tì mí lẹ́ẹ̀kejì."

Aṣọ náà dára jù, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó le, ó ń dán, irú èyí tí àwọn ọmọ Ìbàdàn fi ń rán ṣòkòtò funfun. Ijó kan sì wà ní Ìlọra lọ́jọ́ Sátidé, ìrìbọmi sì wà lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Ẹnìkan níbẹ̀ ti ra giramafóònù tuntun. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo ní, "Ṣé ẹ̀wù kan ló máa jẹ gbogbo eléyìí ni?" Mo kọ́kọ́ gé ṣòkòtò. Mo fi èyí tó kù rán ẹ̀wù. Mo ká ṣòkòtò náà sábẹ́ tábìlì ìlọṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi.

Mo gbàgbé pé ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹ̀wù ìrìbọmi kì í dé odò láìjẹ́ pé àwọn ìyá ìjọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á rán òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìṣẹ́tí ẹ̀ kí omi má bàa gbé e sókè. Olórí wọn na tèmi sókè. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹsẹ̀ kan lo fẹ́ fi wọ odò ni? Bóo bá gbẹ́sẹ̀ báyìí, ó máa ya dé ìdí!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pá mẹ́rin ni mo rà," ó wí jẹ́jẹ́, ó ń wò mí.

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. "Kò pé mẹ́rin, Mọ̀ọ́mi. Mo wọ̀n ọ́n. Ìyá aláṣọ ló gé e kù."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń fọ eyín lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi níwájú ìsọ̀ aláṣọ.

"Aṣọ tí ọmọ mi máa fi rìbọmi, ẹ gé e kù! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ìyá aláṣọ dìde. Ó mú ọ̀pá irin tó fi ń wọn aṣọ, ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà, ẹ fi wọn ibi tó bá wù yín. Ọ̀pá tí ìyá ọkọ mi lò nìyí. Èmi tí mò ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, aṣọ ìrìbọmi ni mo máa jí? Mo tiẹ̀ fi ènì lé e, igbọ̀nwọ́ kan gbáko, torí ẹ sọ fún mi pé ọmọ yín fẹ́ fara ẹ̀ fún Ọlọ́run!"

Ènì. Èmi ò mọ̀ pé ènì wà níbẹ̀.

Èrò ti ń pé jọ. Ọkùnrin kan fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí ọ̀pá yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè dé ìlú Akínmọ̀rìn, ta ló tún máa ra aṣọ lọ́wọ́ obìnrin yìí? Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ìrìbọmi lọ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, màá wọ omi lọ́jọ́ Àìkú, màá sì fi irọ́ wọ̀ ọ́.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé padà, ṣòkòtò funfun wà lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Aṣọ yín tó kù rèé. Èmi ni mo gé e."

Ìyá mi ò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá irin padà fún ìyá aláṣọ, ó sì kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

Mo lọ bá pásítọ̀ fúnra mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Níwájú ta lo ti parọ́?"

"Àwọn ìyá ìjọ, sà."

"Níwájú ìjọ lo ti máa tú u. Ìyá ẹ ò ní ra aṣọ mìíràn o. Bí ẹ̀wù yẹn ò bá fẹ̀ kó tó di Àìkú, o ò ní wọ omi."

Lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi abẹ tú ojú rírán ṣòkòtò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gun kẹ̀kẹ́ dé, awò dúdú lójú wọn.

"Yéè! Ó ń pa ṣòkòtò!"

"Baba Díákónì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Jọ̀ọ́, dìde. Odò yẹn ò sálọ, ọdún tó ń bọ̀ á bá a níbẹ̀. Giramafóònù yẹn ò ní dúró dè ẹ́."

"Ẹ máa lọ," mo wí. Mi ò lè gbójú sókè, torí bí mo bá rí bàtà ẹsẹ̀ wọn, màá tẹ̀ lé wọn. Mo gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ wọn títí wọ́n fi gba ọ̀nà Ìlọra. Mo tún gbé abẹ. Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan há ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀wù, mo rán ìkejì há ẹ̀gbẹ́ òsì. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mi ò ráyè tú àpò kan kúrò. (Lónìí tí mò ń kọ èyí, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Tóóró ti di ẹ̀gàn. Kò pé ọdún márùn-ún!)

Lọ́jọ́ Àìkú, a tò sétí odò. Gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀wù mi, pẹ̀lú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wòkè, mo rí ìyá aláṣọ tó dúró lábẹ́ agboòrùn, ìborùn ẹ̀ lórí. Èmi ò pè é. Pásítọ̀ ti wà nínú omi, ó mi orí sí mi.

"Irọ́ ni mo pa," mo wí. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá aláṣọ. Ọ̀pá mẹ́rin pé. Ó fi ènì lé e. Èmi ni mo jí aṣọ Ọlọ́run fi rán ṣòkòtò ijó."

Mò ń retí kí pásítọ̀ ní kí n padà sílé.

Ìyá aláṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó tó. Mo ti gbọ́. Wọ omi, jàre, kí òtútù má pa pásítọ̀ yín."

Pásítọ̀ na ọwọ́ sí mi. Mo gbẹ́sẹ̀, ẹ̀wù náà ò ya. Nígbà tó rì mí, omi kún àpò ṣòkòtò yẹn, ó wúwo, ó ń fà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo jáde, ìyá mi ń dúró dè mí létí odò pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Ó ti ọwọ́ bọ àpò náà, ó da omi inú ẹ̀ nù.