Ìyá Ọlọ́sàn àti Bàbá Labalábá

Bí ọkọ mi bá sọ fún yín pé mo kórìíra labalábá, ẹ má dá a lóhùn. Mi ò kórìíra ohun tí Ọlọ́run dá. Ohun tí mo kórìíra ni kí èèyàn kó kòkòrò sínú kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀n tí mò ń gbé ọbẹ̀ sí, kó wá máa sọ fún mi pé kí n rọra ṣílẹ̀kùn nítorí pé wọ́n ń sùn. Ọbẹ̀ mi ń kọ́? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọbẹ̀ mi ń sùn, tí èèrà ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Sókótó là ń gbé nígbà náà, ṣáájú òmìnira. Tíṣà ni ọkọ mi, iṣẹ́ ló gbé wa kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọ̀hún. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, èmi tí mo fẹ́ ẹ náà, Tíṣà ni mò ń pè é. A háyà yàrá méjì ní Kofar Rini, nínú agboolé bàbá Haúsá kan. Bàbá onílé, àwọn ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Inna ń gbé apá kan. Àwa àti ìdílé oníṣòwò obì kan láti Ìlọrin ń gbé apá kejì. Zana, ọgbà tí wọ́n fi koríko hun, ló là wá láàrin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lápá kejì, kó ṣáà ti fojú sí ihò rẹ̀.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ ni wọ́n fi ń pe obìnrin. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyàwó olóbì. Èmi ò ní ọmọ. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò tiẹ̀ lóyún rí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Tíṣà títí tí ìyàwó náà fi gbó. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì bá mi níbi tí mo ti ń bu omi sídìí igi ọsàn wẹ́wẹ́ mi lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin náà kò ní èrò ibi kankan. Bí orúkọ ṣe mọ́ mi lórí nìyẹn.

Igi náà sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni kóró rẹ̀ ti wá. Mo so ó mọ́ etí gèlè, ó bá mi wọ rélùwéè, ó bá mi wọ lọ́rì nínú eruku dé Sókótó. Omi tí mò ń bu sí i, rírà ni. Mai ruwa, ọkùnrin tó ń ta omi, ló ń fi garawá gbé e wá. Nítorí náà, inú bàsíà ni mo ti ń wẹ̀, kí omi ìwẹ̀ lè di ti igi. Mo ní kí Tíṣà náà máa dúró sínú bàsíà. Ó ń kùn, ó ní ọkùnrin tó ń wọ táì kò yẹ lẹ́ni tó ń wẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kó bọ́ táì náà kó tó wọ bàsíà.

Ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ ni Òyìnbó ìjọba kan tó pe Tíṣà wá mu tíì. Ó fi labalábá hàn án nínú àpótí onígíláàsì, gbogbo wọn ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ pákó. Tíṣà délé, kò lè jẹun.

"Ó gún wọn láyà! Ó wá kọ orúkọ sábẹ́ wọn!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ẹ jẹun."

"Èmi ó sin tèmi, n ó sì tú wọn sílẹ̀. Kí Òyìnbó wá wo bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn labalábá."

Kòkòrò tí yóò sìn kò jìnnà. Orí igi ọsàn mi ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ṣì kéré, wọ́n á dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á ní àwọ̀ ewé, wọ́n á sì sanra bí ìka. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tí Tíṣà ń ṣà wọ́n kúrò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi tọ́jú igi ni. Àṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ọbẹ̀ ló ń kó wọn lọ, ewé igi mi ló sì ń já fún wọn jẹ! Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n wé ara wọn, wọ́n so rọ̀ mọ́ wáyà bí ewé gbígbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ́ jáde, wọ́n di labalábá dúdú alámì yẹ́lò.

Tíṣà ń yangàn. Ó ní lórí igi lásán, aláǹgbá á jẹ lára wọn, agbọ́n á jẹ, ẹyẹ á jẹ, díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ó ní lọ́wọ́ òun, kò sí èyí tó ń kú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ló máa ń tú wọn sílẹ̀. Á wọ kóòtù, á gbé kọ́bọ́ọ̀dù mi jáde sí àgbàlá, àwọn ọmọ àdúgbò á jókòó yí i ká. Á fi Haúsá rẹ̀ tó ń tiro sọ̀rọ̀ nípa àánú, á wá ṣílẹ̀kùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún wò. Wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa rábàbà lórí zana, àwọn ọmọ á pariwo, Inna á pàtẹ́wọ́. Omi á lé sí Tíṣà lójú. "Ẹ máa lọ o, ẹ̀yin ọmọ mi!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Labalábá. Ìyá Ọlọ́sàn wá rí ọkọ tó bá a mu.

Ṣùgbọ́n ibo ni kí wọ́n lọ? Dogonyaro ló kún àdúgbò wa, labalábá yìí kì í sì í yé sórí dogonyaro. Igi ọsàn ló mọ̀. Wọ́n á yí àdúgbò po, wọ́n á rí i pé kò sí ohun tó kàn wọ́n níbẹ̀, wọ́n á tún gba orí zana wọlé, ó di ara igi mi. Wọ́n á yé sí gbogbo ewé. Tíṣà á wá máa jó. "Wọ́n mọ ilé! Ẹ wò ó, wọ́n mọ ilé!"

Ọdún náà gan-an ni igi mi kọ́kọ́ yọ òdòdó. Ìyá Ìbejì rí i, ó ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ó mà ti lóyún!" Mi ò bínú. Àràárọ̀ ni mò ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó bọ́jú. Mo ti pinnu pé bí ó bá so, màá gbé ọsàn àkọ́so yíká agboolé, màá fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rí i pé ohun tí mo tọ́jú so èso. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ni ọwọ́ mi lè tó.

Ìgbà tí kọ́bọ́ọ̀dù kún, Tíṣà fi àwọ̀n bo igi náà fúnra rẹ̀, kí ẹyẹ má baà fẹnu kan kòkòrò rẹ̀. Àwọ̀n wo? Àwọ̀n ẹ̀fọn orí bẹ́ẹ̀dì wa! Kòkòrò ń sùn lábẹ́ àwọ̀n, ẹ̀fọn ń jẹ àwa. Kí n tó jà á dópin, ibà ti dá mi wólẹ̀. Mò ń gbọ̀n, mò ń bì, mi ò lè jáde. Inna ń fojú sí ihò zana, ó ń béèrè bí ara mi ṣe rí.

Nígbà tí mo lè dìde, mo fọwọ́ ti ògiri dé ẹ̀yìnkùlé. Igi mi ti di ìgbálẹ̀. Kò sí ewé. Òdòdó ti já dànù sílẹ̀. Àwọn kòkòrò sanra sanra jókòó sórí ẹ̀ka, wọ́n gbójú sókè sí mi bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà, ọ̀wọ̀ sá lọ.

"Ìwọ Tíṣà! Wá wo ohun tí àwọn ọmọ rẹ fi ọmọ mi ṣe!"

Ó sáré wá. Mo rí i pé àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Yóò tún rúwé. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni àwọn náà."

"Ta ló dá igi? Ọlọ́run tó dá kòkòrò ló dá aláǹgbá tì í! O gbà wọ́n lọ́wọ́ aláǹgbá, o gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹyẹ, ta lo wá fi wọ́n lé lọ́wọ́? O ní o tú wọn sílẹ̀. Orí igi mi lo tú wọn sí! Òyìnbó yẹn tiẹ̀ sàn jù ọ́ lọ, inú ilé tirẹ̀ ló kàn wọ́n mọ́!"

Mo pe adìyẹ Ìyá Ìbejì, mo ju kòkòrò kan sí wọn. Kòkòrò náà yọ ìwo pupa méjì lórí, òórùn burúkú sì gba àgbàlá. Àkùkọ gbọn orí, ó wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Tíṣà ní kí n fara balẹ̀, òun mọ ibi tí òun máa kó wọn lọ. Ó ní lẹ́bàá odò, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin àlùbọ́sà, igi ọsàn wà níbẹ̀, àyè sì wà. Ó ṣà wọ́n sínú páálí ṣúgà, mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo gbé e lé itan. Ibà ṣì kù lára mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé wọ́n lọ.

A débẹ̀, a kò bá ẹnì kankan. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sórí igi kan. Èmi dúró, mo ń wo ìdí igi náà. Ẹnì kan ti fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ó ti da ìgbẹ́ màlúù sídìí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i ni. Gbogbo ohun tí mo ṣe fún tèmi ni onítọ̀hún ṣe.

Mo ní, "Tíṣà, kó wọn padà."

"Igi tìrẹ ni mò ń gbà là!"

"Mo mọ̀. Kó wọn."

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tìwo tòórùn. Ibẹ̀ la wà tí àgbẹ̀ tó loko fi yọ sí wa. Ó rí Tíṣà pẹ̀lú táì lọ́rùn àti aya rẹ̀, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò kúrò lórí igi òun. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. "Sannu da aiki!" ló ń kí wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ó ṣàdúrà fún wa, ó sì di àlùbọ́sà rẹpẹtẹ fún wa. Tíṣà kò lè wojú rẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, kò gun kẹ̀kẹ́. Títì ló ń tì í. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé tán, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Èmi ni mo sọ wọ́n di púpọ̀. Èmi náà ni n ó ṣe é. Bá mi gbé omi kaná."

Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá omi náà gbóná tó, kí wọ́n má baà jẹ̀rora. Mo ní ó gbóná. Ó da omi náà lé wọn lórí, ó kọjú sí ògiri. Àwọn ọmọ tó máa ń wá wòran ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ìgbà tí Bàbá Labalábá tún máa ṣílẹ̀kùn. Ojú tì í. Ó fi aṣọ ìrọ̀rí funfun wé páálí náà kí wọ́n má baà rí i, ó gbé e mọ́ àyà gba ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí fìlà, ó gbẹ́ ilẹ̀ sídìí igi ọsàn, ó sin ín síbẹ̀. Èmi dúró tì í, mò ń bó àlùbọ́sà fún ọbẹ̀ alẹ́. Ẹ sì mọ àlùbọ́sà Sókótó, omi ń dà lójú mi wàràwàrà.

Inna wà nídìí ihò zana.

Ọbẹ̀ kò tíì hó tí wọ́n fi dé. Bàbá onílé àti olóbì bá Tíṣà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọ́n ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Tíṣà fọwọ́ tọ́ mi nígbà tí mo ń kọjá, ó ní, "Àwọn èèyàn yìí mà láàánú ẹ̀dá o." Àwọn obìnrin wọlé bá mi. Wọ́n gbé tuwo wá, wọ́n gbé ọbẹ̀ kúkà wá, wọ́n rọra ń rìn bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀. Inna jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Sannu, sannu. Allah ya mai da alheri."

Haúsá mi tó láti gbọ́ ìyẹn. Kí Ọlọ́run fi rere rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ìgbà náà ni ó yé mi: ibà, èébì, ìdì funfun, fìlà tí Tíṣà ṣí. Mo la ẹnu láti sọ pé kòkòrò ni. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ níwájú mi, ẹkún gbà á lẹ́nu.

"Ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ lóyún. Ọlọ́run ló rí mi, mi ò ní pè yín ní Ìyá Ọlọ́sàn mọ́ láé."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kòkòrò mọ́. Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ti àlùbọ́sà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dá sunkún nínú yàrá, kò sì sí ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn rí, nítorí ọmọ tí kò wá kò ní sàréè. Mo sunkún títí ọrùn fi dùn mí. Inna kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tó tán, a jẹ tuwo náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà fi eérú àti ọṣẹ fọ kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó gbé ọbẹ̀ mi sínú rẹ̀, ó ta àwọ̀n padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí ewé kékeré kan lẹ́nu ẹ̀ka ọsàn. Mo wá kó àlùbọ́sà sínú àwo Inna, nítorí èèyàn kì í dá àwo padà lófìfo, mo sì lọ jẹ́wọ́ fún un pé kòkòrò ni a sin.

Inna rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gba àwo rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ṣé kòkòrò la gbé tuwo wá kí?" ló wí. "Ìwọ la wá kí. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ ká wá."