Ọmọ Amọ̀ Olórí Ńlá

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Dallas, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní sáà yìí, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Japan òde òní ni a ń kọ́: òdòdó tó ń rẹ́rìn-ín, ẹranko olójú rọ́ńdọ́, ohun gbogbo tí ènìyàn yóò rí tí yóò fẹ́ gbé mọ́ra. Olùkọ́ ní kí olúkúlùkù fi amọ̀ mọ ọmọ kan bíi ti àwọn ayàwòrán náà, kí orí rẹ̀ tóbi, kí ẹnu rẹ̀ kéré, kí a sì lu ihò sí i lórí kí ó ṣeé so mọ́ báàgì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á lọ́hùn-ún.

Mo mọ tèmi, mo gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìdáná wa ní Wylie, lẹ́bàá Dallas, kí ó gbẹ. Màmá mi, tó ti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ló rí i.

"Ìwọ bàbá ọlọ́mọ, amọ̀ lo fi ń ṣeré?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé e. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. "Ó jọ èyí tí ìyá mi ń tọ́jú nítorí ìkejì mi."

Ìbejì ni Màmá. Ìkejì rẹ̀ kò dàgbà. Ère rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, títí ilé fi gba ìgbàgbọ́ tí wọ́n sì dáná sun ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ amọ̀ mi ti wà nínú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Ó yẹ kí n sọ pé iṣẹ́ kíláàsì ni. N kò sọ. Mo rò pé n óò mọ òmíràn. N kò mọ òmíràn.

Lọ́jọ́ tí a ó fi iṣẹ́ hàn, mo gbé e nígbà tí Màmá ń wẹ̀. Mo wọn àárín orí rẹ̀ dáadáa kí n tó fi ẹ̀rọ lu ihò sí i. Inú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dùn sí i. Lójú tiwọn, amọ̀ ni. Èmi tí a tọ́ nílé tí a kì í ti gbá ọmọ lórí, mo lu orí já.

Mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Ní òwúrọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí Màmá. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ihò náà.

"Ta ló lu orí rẹ̀?"

"Èmi ni, Ma. Iṣẹ́ kíláàsì ni."

"O sì gba máàkì?"

"Mo gbà á, Ma."

Ó fa òwú tí a fi ń nu ọmọ tuntun yọ nínú páálí. "Dìde, wá bá mi dì í mú. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú."

Mo dì í mú. Ihò náà ti kún, síbẹ̀ ó ń ki òwú sí i.