Lẹ́tà Tó Kù Sápò Alága

Oje igi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á ti ìka bọ inú agolo kékeré kan, a ó fi oje náà ra ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀ bọ́. Bí mo bá délé ní Stapleton, ọwọ́ mi á ṣì máa lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ìyàwó mi á ní òun fẹ́ ọkọ, ìlẹ̀kùn ló ń bá òun dì í mú.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti àwọn ará Ítálì ni, ní Port Richmond, ní Staten Island níbí. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ ògiri káàkiri New York o. Tiwa, èèyàn méje méje ló ń kojú ara wọn, wọ́n á máa fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, aṣọ́lé á sì fi gbogbo ara dí i. Èmi ni aṣọ́lé. Mo ti ṣọ́lé fún ìpínlẹ̀ wa nígbà tí mo wà ní Abẹ́òkúta, mo sì gbé ìgbéraga yẹn wọ bàálù bí ẹni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń dúró dè mí ní pápákọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dúró dè mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo rí, ọdún mẹ́rin gbáko ni mi ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, kí ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú tó júwe ẹgbẹ́ yìí fún mi. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń dà bí ara mi.

Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tó ti ìlú kan náà létí òkun Ítálì wá ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ èbúté ni wọ́n ń ṣe, ìjọ Àgùdà àdúgbò sì yá wọn ní gbọ̀ngàn. Òfin wọn le nígbà náà: bí bàbá ẹ ò bá ti ìlú yẹn wá, o ò lè wọlé. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn kó lọ sí New Jersey, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n gba ará Ítálì láti ìlú mìíràn, wọ́n gba ará Albania kan tó ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n gba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti Mexico, nígbà tó yá wọ́n gba èmi. Ará Ítálì mẹ́ta péré ló kù nínú wa. Alága jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọ̀kan lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀yìn àwọ̀n mi ló máa ń gbé àga sí, á máa kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró.

Àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí padà. Lọ́dọọdún, alága fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ kọ lẹ́tà sí ìjọ pé kí wọ́n tún yá wa ní gbọ̀ngàn fún ọdún kan sí i. Láyé àwọn fádà àtijọ́, bó bá pẹ́, kò sẹ́ni tó ń bínú. Fádà tuntun tó dé yìí ò gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní oje wa ti ba ilẹ̀ gbọ̀ngàn jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ijó kan sì ń bẹ òun pé kí òun yá wọn ní gbọ̀ngàn náà. Bí lẹ́tà wa ò bá wọlé kí oṣù Ògọ́ọ̀sì tó parí, ó parí nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà, mò ń fi mọ́tò mi gbé alága lọ sílé. Ó tọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀ láti mú awò ojú, àpòòwé lẹ́tà kan sì bá a jáde. Mo rí sítáńpù lára rẹ̀, mo rí orúkọ ìjọ. Ó tì í padà.

Mo ní, “Sà, lẹ́tà gbọ̀ngàn ńkọ́?”

“Mo ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àbí o rò pé mo ti ń ṣarán ni?” Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Kí ni kí n tún sọ? Wọ́n ti tọ́ mi pé a kì í wojú àgbà kí a sọ fún un pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Mo rò ó lọ́kàn pé bóyá ẹ̀dà ló kù sápò. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níwájú àpótí lẹ́tà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Mo ní, “Àpótí lẹ́tà rèé, sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà.”

Ó wò ó dáadáa. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ wu òun. Mo ṣíná mọ́tò, a ń lọ.

Nígbà tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ rí envelope yẹn with your own eyes, ẹ wá dákẹ́? Ẹ call ọmọ ẹ̀ obìnrin jàre.”

“Kí n lọ fẹjọ́ àgbàlagbà sun ọmọ tó bí? Kí n ní bàbá ẹ ń parọ́?”

“Kì í ṣe irọ́, Daddy. Bàbá yẹn ń gbàgbé nǹkan ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, job yín nìyẹn.”

Òótọ́ ló sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé ó ń sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń fi orúkọ olóògbé pè mí. Mo ní mo máa ronú sí i. Mo ń ronú títí oṣù fi parí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọbìnrin tó wọ bàtà ijó la bá nínú gbọ̀ngàn. Ọmọ alága ti rí lẹ́tà náà nínú kóòtù. A pàdé ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, alága sì dìde, ó ń lọ bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wá. Nígbà tó kàn mí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. “Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo tú ẹgbẹ́ bàbá mi ká.”

Àgbàlagbà ń bẹ èmi! Àyè ṣì wà láti sọ pé, sà, mo rí i, èmi náà jẹ̀bi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ní, “Kò sí nǹkan kan, sà.” Oníbúrẹ́dì fọwọ́ kàn mí léjìká lẹ́yìn náà, ó ní àwọn òbí mi tọ́ mi dáadáa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ búrẹ́dì tó gbé fún mi.

A ò rí gbọ̀ngàn mìíràn. Oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, alága ò sì la ìgbà òtútù ọdún náà já. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù látìgbà náà, kò sì wù mí mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí mò ń tọ́jú sọ fún mi pé òun ti lo oògùn àárọ̀. Oògùn náà wà lórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì, mò ń wò ó. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, “Ẹ ṣé, sà” ló sì jáde.